Ìbọn Tó Ń Ṣàìsàn Láàárọ̀

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti la ẹnu, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn àfi ohùn ẹni tó ń sunkún. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń gbé inú igbó. Ẹkùn ti bú mọ́ mi rí, mo bú u padà, ojú sì ti ẹkùn. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ẹkùn. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ará Abà Àfọ̀n ni, ọkùnrin tó gbé ìbọn kan ṣoṣo lé èjìká, tó wọ igbó àwọn òkú lọ, kó lè béèrè ohun tó ń ṣe ìbọn náà. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, n ó dárúkọ bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni ìbọn náà, ti ayé àtijọ́, tó ní àkùkọ irin méjì lẹ́yìn tó nà sókè bí etí ewúrẹ́. Bàbá Ọdẹ́jìnmí ló fi í sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ká a ní àárín, ọta oníìdí idẹ méjì lẹ máa kì sí i, ọ̀kan sí ẹnu ọ̀tún, ọ̀kan sí ẹnu òsì. Ó ti pa ìmàdò, ó ti pa àgbọ̀nrín, kò sì já ọkùnrin náà kulẹ̀ rí.

Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ògúnmọ́dẹdé, tọpa ẹfọ̀n kan dé etí odò. Òtútù mú débi pé ewé ń dún bí awọ gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹfọ̀n náà yíjú padà. Ọdẹ́jìnmí yin ẹnu ọ̀tún, ó bà á léjìká, ẹfọ̀n kò ṣubú, inú ló bí i. Ó kọjú sí Ògúnmọ́dẹdé tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sá. Kí ló máa sá fún? Ó mọ̀ pé ẹnu kejì ń bẹ. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ parí ẹ̀ o!"

Ọdẹ́jìnmí fa ti òsì. Àkùkọ balẹ̀. Ohun tó dún ni "kẹ́", bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná kan igbá. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ẹfọ̀n ki ìwo bọ abẹ́ ìhà Ògúnmọ́dẹdé, ó gbé e sókè, ó tún un gbé sókè, lẹ́yìn náà ó wọ inú igbó lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn lórí rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú ọmọ náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò tí ì ráyè kúrò níbẹ̀.

Wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn lọ bá alágbẹ̀dẹ abà. Alágbẹ̀dẹ tẹ́ ẹ sẹ́bàá iná, ó ń fẹ́ ẹwìrì, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó kì í, ó yin ẹnu ọ̀tún: ó dún. Ó yin ẹnu òsì: ó dún débi pé adìẹ sá wọ yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ó wí, "nǹkan kan ò ṣe ìbọn yìí."

Ẹ ò mọ bí gbólóhùn yẹn ti wúwo tó. Ní Abà Àfọ̀n, ìbọn tí nǹkan kan ò ṣe, tó sì kọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ, ọwọ́ ọdẹ náà ló dọ̀tí. Wọ́n sì mọ irú ìdọ̀tí náà: ẹni tó bá bá ìyàwó ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn ni ìbọn máa ń kọ̀ fún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà odò pé Àdùbí ni, Àdùbí ìyàwó Ògúnmọ́dẹdé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n fẹ́ jogún rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú.

Olúọdẹ Akínlabí, arúgbó tó ń ṣe olórí gbogbo ọdẹ abà náà, pe Ọdẹ́jìnmí síwájú ojúbọ Ògún.

"Kí ló pa àbúrò rẹ?"

"Ẹfọ̀n ni, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ti ṣe iṣẹ́ ẹfọ̀n. Kí ló di ẹnu ìbọn rẹ?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Àwọn kan ní àwọn mọ̀."

"Ẹni tó bá mọ̀ kó jáde síta, kó sọ ọ́ sí mi lójú, kí n fi ọ̀kọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀!"

"Rọra," ni Olúọdẹ wí. "Ariwo ò ṣe ìpà fún òkú."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ o: ìpà ni ètùtù tí àwa ọdẹ fi ń tú òkú wa sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ọdẹ tí a kò bá ṣe é fún, kò sí láyé, kò sí lọ́run. Ó kàn dúró sí àárín igbó ni bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà. Bí wọ́n sì ti ń ṣe é ní Abà Àfọ̀n, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo ọdẹ, kó pe ohun tó pa òkú náà lórúkọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òkú náà ò ní gbọ́.

"Kí oṣù tuntun tó lé," ni Olúọdẹ wí, "wá sọ ohun tó ṣe ìbọn náà fún wa. Bí o kò bá rí i, a ò ní ṣe ìpà kankan. A ó lé ọ jáde, a ó lé Àdùbí jáde, òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé ilé, Àdùbí ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ti sun ún tán.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ fọwọ́ kàn mí rí?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o."

"Ṣé èmi fojú pè yín rí?"

"Rárá."

"Kí wá ló ṣe ìbọn yín?"

"Mi ò mọ̀, Àdùbí."

"Ẹ lọ mọ̀ ọ́n." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e wọ igbó. Ó kó ọta sápò, ó fi ọta tó kọ̀ lọ́jọ́ náà sí i, ó gbé ìbọn kọ́. Bí ó ti rìn, ẹ má bi mí. Ó rìn títí àwọn igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́yìn sí i, títí ẹyẹ fi ń fò lọ láìmi apá. Nígbà náà ló mọ̀ pé òun ti dé etí ilé àwọn òkú.

Bodè kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sí i, ó gbé orí ara rẹ̀ lé orúnkún, ó ń ṣa iná orí nínú irun rẹ̀. Orí náà gbójú sókè.

"Ta ló ń mí bí ẹwìrì lẹ́nu bodè mi?"

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni! Èmi tí ìmàdò ń gbóòórùn mi tó ń kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀! Èmi tí ìkookò ń rí tó ń sọ pé ajá ilé ni òun!"

"Ó dáa. O mọ ara rẹ yìn. Èyí tó wà léjìká rẹ yẹn ńkọ́, ṣé òun náà mọ̀ ọ́ yìn?"

Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ kan ìbọn náà.

"Jókòó," ni orí náà wí. "Mo ní aláìsàn kan. Láàárọ̀, tí ọyẹ́ bá mú, kò lè gbápá. Lọ́sàn-án, lẹ́bàá iná, ijó ló ń jó. Kí ló ń ṣe é?"

"Wọ́n gégùn-ún fún un ni."

Orí náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yí bọ́ nílẹ̀, tí ọkùnrin náà sì ń táràrà wá a. Nígbà tó tún gbé e lé orúnkún, iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ègún wo ló ń yáná? Ọdẹ, ìdáhùn wà léjìká rẹ, o gbé e dé ibí, o sì ń bi ará ọ̀nà. Kọjá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kì í gbóná lẹ́yìn bodè yìí. Fi ooru ara rẹ sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé n ó rí i gbà padà tí mo bá ń bọ̀?"

"Rárá."

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ jókòó yìí ni ì bá ti yí padà níbẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ yín. Ọdẹ́jìnmí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú. Ọkùnrin náà fi ìka kan kàn án, ooru ara rẹ̀ sì jáde lọ bí ìgbà tí wọ́n da omi nù. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò la òógùn mọ́. Ó kọjá.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé, Ta-ló-ṣe-é ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìlú burúkú, mi ò rí irú rẹ̀. Bí igbá bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé níbẹ̀, wọ́n á wá ẹni tó ṣe é kí igbá tó kan ilẹ̀. Bí àwa ṣe ń fi obì lọ àlejò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹlẹ́bi lọ ọ́. Ìjòyè wọn sanra, ó jókòó lórí àga tí wọ́n fi ìka èèyàn kàn, gbogbo ìka náà sì ń nà síta, wọ́n ń tọ́ka sí ẹni tó bá wọlé.

"Ọdẹ, kú ewu. Àbúrò rẹ kú, àbí? Jókòó, yan èyí tó wù ọ́. A ní ìyá arúgbó kan ní abà yín tí ojú rẹ̀ pọ́n. A ní orogún ìyá rẹ. A ní alágbẹ̀dẹ yín, ẹnu rẹ̀ kò dùn. Àdùbí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin dára fún irú rẹ̀. Dárúkọ ẹnìkan, kí n fi ogójì ẹlẹ́rìí tẹ̀ lé ọ lọ sílé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí Olúọdẹ yín fi máa sunkún."

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: orúkọ alágbẹ̀dẹ ti dé ètè Ọdẹ́jìnmí. Ó rántí bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé nǹkan kan ò ṣe ìbọn. Ó la ẹnu. Òtútù ló kọ́kọ́ wọ ẹnu náà, ó sì pa á mọ́, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Bí mo bá mú alágbẹ̀dẹ lọ, ṣé ìbọn yìí á dún láàárọ̀ ọ̀la?"

Ojú Ìjòyè rú. "Dún kẹ̀? Ìyẹn kọ́ là ń ṣe níbí."

"Ẹ mọ́wọ́ kúrò lára mi, nígbà náà."

Wọ́n hó. Gbogbo ìlú náà hó, wọ́n sì ń ju ẹ̀sùn lù ú: "Aṣẹ́wó ọkùnrin!" "Apàbúrò!" Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń di òkúta lójú ọ̀nà, ó ń bà á lẹ́yìn, ó ń bà á lórí. Èyí tó wí pé "Apàbúrò" ló fọ́ ọ lórí jù. Ó fi apá bo ìbọn, ó sá jáde nínú ẹ̀jẹ̀, kò bo ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìlú náà ló rí ilé alágbẹ̀dẹ kan tí kò ní iná. Ẹwìrì ti gbẹ mọ́ ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló jókòó nídìí owú, apá rẹ̀ dúdú, ó le bí gbòǹgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Má kí mi. Gbé e wá."

"Ìyá, ẹ ò dáná?"

"Iná máa ń bá irin purọ́. Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? Ọta tó kọ̀ lọ́jọ́ náà dà?"

Ó yọ ọ́ nínú àpò. Ìyá yí ìdí idẹ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ojú àpá kékeré kan wà láàárín rẹ̀, kò jìn, bí ìgbà tí eèrà jókòó lórí ọ̀rá.

"Ohun kan kàn án. Kò gún un. Jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọta ná." Ó kì í sí ẹnu ọ̀tún, ó yìn ín. Ó dún gbàù. "Ọta ò jẹ̀bi."

Ó fi àtàǹpàkò fa àkùkọ òsì sẹ́yìn, ó jẹ́ kó padà díẹ̀díẹ̀, ó tún un fà. "Sípíríǹgì rẹ̀ le ju èmi lọ. Àkùkọ ò jẹ̀bi." Ó kì ọta tuntun sí ẹnu òsì, ó fa ìbọn. "Kẹ́." Ohùn tí Ọdẹ́jìnmí gbọ́ létí odò náà ni. Ìyá yọ ọta náà, ó wo ìdí rẹ̀: ojú kékeré tí kò jìn.

"Láàárín àkùkọ àti ọta, ẹni mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ẹnìkan ṣoṣo, Ìyá. Abẹ́rẹ́ irin tó wà nínú ihò. Àkùkọ á gbá a, òun á gún ìdí ọta."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kí lo wá dé ibí wá ṣe?"

Ó tú irin kékeré kan, ó fi igi ṣóńṣó kan gbá abẹ́rẹ́ náà jáde. Kò fẹ́ jáde. Nígbà tó jáde, nǹkan pupa tó ti ń dúdú bá a wá, ó dì gbagidi bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ tó sùn mọ́jú. Ìyá gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka họ ọ́.

"Epo pupa. Ẹ̀jẹ̀ àkùkọ adìẹ. Ìyẹ́ rèé. Ìyẹ́ mìíràn rèé, ti èṣí. Ọdẹ, ta ló ń se ọbẹ̀ sínú ìbọn yìí?"

Ọdẹ́jìnmí sún mọ́ ọn. Ó wò ó, ó tún un wò. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ògún, ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní Abà Àfọ̀n máa ń tẹ́ ìbọn rẹ̀ sí ojúbọ, á bọ́ ọ ní epo, á bọ́ ọ lẹ́jẹ̀, kó má baà kọ̀ fún un. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n máa ń fi tì. Gbogbo ohun tí wọ́n bá dà lé e, òsì ló ń ṣàn lọ. Bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dà á ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí ó fẹ́ràn ìbọn náà.

"Èmi ni," ni ó wí.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò rẹ kú ńkọ́?"

"Mo bọ́ ọ. Ẹfọ̀n là ń lọ bá, mo ní kó yó. Àbúrò mi ń wò mí, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, epo yìí ì bá dáa lórí iṣu.' Mo bú u. Mo ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Tí oòrùn bá mú, epo á yọ́, abẹ́rẹ́ á sáré. Tí ọyẹ́ bá mú, epo á dì, abẹ́rẹ́ á sì rá pálá. Alágbẹ̀dẹ yín gbé aláìsàn sẹ́bàá iná, ó ní ara rẹ̀ yá." Ìyá ti abẹ́rẹ́ náà padà sí ihò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ó parí. Lọ sọ fún ẹni tó ń dúró."

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni àwọn ọdẹ tí a kò ṣe ìpà fún dúró sí, wọ́n pọ̀ bí oko àgbàdo, gbogbo wọn kẹ́yìn. Èyí tó wà létí ibẹ̀ wọ dàńṣíkí tí Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ sin ín mọ́.

"Mọ́dẹdé."

"Ẹ̀gbọ́n." Kò yíjú. "Ṣé ẹ ti mọ ohun tó pa mí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ni?"

Gbogbo ìgboyà tí ọkùnrin náà ní, kò rí èyí tó máa fi sọ ọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì.

"Epo ni, Mọ́dẹdé. Epo tí mo dà sínú ìbọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ni mo pa ọ́."

Èjìká òkú náà gbọ̀n. Ọdẹ́jìnmí rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò ní ohùn nínú.

"Ẹ ò ṣáà jẹ́ kí n fi jẹ iṣu." Ó fi apá méjèèjì gbá ara rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ lọ pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá pe nǹkan mìíràn, èmi ò ní gbọ́, ibí ni n ó wà. Ibí tutù, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó padà sínú ilé, Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mo lè nu ìbọn yìí fún ọ. Á dún láàárọ̀, á dún lálẹ́, wọ́n á ní Ògún ti dárí jì ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Kí ló máa fi hàn wọ́n pé Àdùbí ò ṣe nǹkan kan?"

"Kò sí."

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí bẹ́ẹ̀."

Ó padà. Létí odò tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, ẹfọ̀n náà dúró láàárín ọ̀nà, egbò èjìká rẹ̀ ti ń jẹrà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ ronú sí i. Àsìkò wà fún un láti dáná lẹ́yìn òkúta, kó yá ìbọn náà gbóná, kí ẹnu méjèèjì dún. Ṣùgbọ́n epo á yọ́, á ṣàn dànù, ohun tó máa fi gba obìnrin kan àti ọmọ mẹ́ta là á bá a lọ. Èmi ì bá dáná, kí n sọ òótọ́. Ọdẹ́jìnmí jáde sí i pẹ̀lú ẹnu kan. Ó dúró títí ó fi gbóòórùn egbò náà, ó yìn ín sí àárín ojú. Ẹfọ̀n ṣubú, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́jìnmí ló ṣubú sí, egungun sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wọ́ ara rẹ̀ dé abà, ó fi aṣọ we ìdí ìbọn náà bí ọmọ tuntun kí oòrùn má baà bà á.

Ó ku ọjọ́ kan kí oṣù tuntun lé. Ó ní kí gbogbo ọdẹ péjọ síwájú ojúbọ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ọyẹ́ ṣì le. Wọ́n wá, wọ́n ń fẹ́ ọwọ́. Àdùbí náà wá, ó dúró lẹ́yìn, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ yin ẹnu òsì, Bàbá," ni Ọdẹ́jìnmí wí fún Olúọdẹ. "Ẹ̀yin fúnra yín."

Olúọdẹ yìn ín. "Kẹ́."

"Àbí ẹ̀yin náà ti bá Àdùbí sùn ni?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Ọdẹ́jìnmí gba ìbọn náà, ó tú irin kékeré, ó gbá abẹ́rẹ́ jáde sórí ewé, ó gbé ewé náà yí gbogbo wọn ká. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó jẹ́. Òórùn rẹ̀ ti tó.

Olúọdẹ ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. "Ṣé o fẹ́ sọ pé Ògún ló pa ọmọ náà?"

"Ògún ò da epo sínú ìbọn mi, Bàbá. Èmi ni mo dà á."

Ní ẹ̀yìn, ọdẹ kan ká ìbọn tirẹ̀, ó ki ìka sí i. Ó yọ ọ́ ní pupa. Òmíràn ká tirẹ̀. Títí wọ́n fi tán, irin ń dún kéú-kéú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹnìkejì. Olúọdẹ kò ká tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó fa Ọdẹ́jìnmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, o ti wẹ̀ mọ́, obìnrin náà ti wẹ̀ mọ́. Lónìí la ó ṣe ìpà. Nígbà tí o bá dìde, pe ẹfọ̀n. Gbogbo wa á gbà. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní apa-ọdẹ níwájú ojúbọ yìí, kò ní fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí ayé rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pe oríkì rẹ̀, ó pe ẹran tó pa. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé: "Ẹfọ̀n kọ́ ló pa ọ́. Obìnrin kọ́. Ọwọ́ mi ni. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ bàbá rẹ, ni mo pa ọ́." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan kọjá láàárín igi, ó sì gbóná. Èmi ò sí níbẹ̀, mi ò ní búra sí i.

Wọ́n ṣe ìpà. Wọ́n gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba àpò rẹ̀, wọ́n gba fìlà ọdẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Àdùbí wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pa á."

"Èmi ni."

"Mo ti gbọ́. Ta ló máa pa ẹran fún àwọn ọmọ yìí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá ọdẹ tí ìmàdò ń sá fún, tàkúté ló padà kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Okùn máa ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké abà ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọ ọ́ lórin, wọ́n ní, "Bàbá onítàkúté, ẹ yìnbọn ká gbọ́!" Á tún okùn náà so. Ó pẹ́ kó tó mú nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó mú ọ̀yà àkọ́kọ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àdùbí, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì yí padà lọ kó tó ṣí i. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, fún ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin náà kò kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì da ẹran náà nù rí.

Ó ń sè é. Gbogbo abà ló máa ń gbóòórùn rẹ̀.

Ẹnu mi gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dárí jì í, kó lọ bi ìkòkò.